Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àìsàn Tó Ń Wáyé Bí Sẹ́ẹ̀lì Bá Ṣi RNA Gé

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a mẹ́nu ba iṣẹ́ ìwádìí Adrian Krainer, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bí ní orílẹ̀-èdè Uruguay, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Cold Spring Harbor ní ìpínlẹ̀ New York, lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gé RNA àti àìsàn tí ó ń fà bí gígé náà kò bá lọ déédéé. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo la kọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá láti Òṣogbo ju ohun tí ojúewé yìí lè gbà lọ. A ti yan díẹ̀ nínú wọn, a gé wọn kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọmọ mi ti pé oṣù márùn-ún, ọrùn rẹ̀ kò tíì le. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń rẹ́rìn-ín, ó mọ ohùn mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ta, ẹkún rẹ̀ kò sì ròkè. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ yìí ń wọ́ lójú gbogbo àgbà ilé wa, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò ṣe. Dókítà ọmọdé ní òun fura sí àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní SMA, ó ní kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn kan ládùúgbò ní ìyá ọmọ náà ló jẹ ohun tí kò yẹ nígbà tó lóyún, àwọn mìíràn ní àbíkú ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni RNA tí ẹ kọ nípa rẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ọrùn ọmọ? Ṣé oògùn wà fún un? — Ìyá àgbà kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dá ìyá ọmọ náà láre. Bí ó bá jẹ́ SMA (spinal muscular atrophy, àìsàn tó ń mú kí iṣan rọ) ni lóòótọ́, kò sí oúnjẹ tó jẹ, kò sí ibi tó rìn dé, kò sí ohun tó fojú rí nínú oyún tó lè fà á. Inú jíìnì ni àìsàn náà ti ń wá, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá papọ̀ ni ọmọ sì ti sábà máa ń gbà á, láìjẹ́ pé èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì ṣàìsàn rí.

DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa, tí jíìnì jẹ́ apá kan rẹ̀, dà bí ìwé ilẹ̀ tí baálé ilé tì mọ́ inú àpótí: kì í jáde síta. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, ẹ̀dà ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀dà náà ni wọ́n sì ń gbé kiri. Ẹ̀dà yẹn ni RNA. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹ̀dà tó kọ́kọ́ jáde máa ń kún fún ojúewé tí kò bá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà tan rárá, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kúrò, kó so àwọn tó kù pọ̀ ní títẹ̀léra, kí ìwé náà tó wúlò. Apá tí wọ́n ń yọ dànù ni àwọn onímọ̀ ń pè ní intron, apá tí wọ́n ń so pọ̀ ni exon. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá so ó tán ni sẹ́ẹ̀lì ń kà á láti fi ṣe purotéènì, purotéènì ló sì ń ṣe iṣẹ́ ara.

Jíìnì tí ọ̀rọ̀ SMA kàn ni SMN1, èyí tí ẹgbẹ́ Judith Melki ní ilẹ̀ Faransé rí ní 1995. Nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ fún iṣan ọrùn, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àyà wà, wọ́n a sì máa kú díẹ̀díẹ̀ bí purotéènì tó ń ti inú SMN1 jáde kò bá tó wọn. Lára ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó ní SMA, jíìnì yìí ti sọnù pátápátá. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló tún ní òmíràn tó jọ ọ́, SMN2, tí ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà so kọ́ ni exon 7: níbi tí lẹ́tà C wà nínú SMN1, T ló wà nínú SMN2. Lẹ́tà kan ṣoṣo yìí kò yí purotéènì padà rárá bí sẹ́ẹ̀lì bá kà á. C yẹn wà lára àmì tó ń sọ fún àwọn tó ń gé RNA pé kí wọ́n má yọ exon náà. Bí ó bá ti di T, àmì náà kò hàn dáadáa mọ́, wọn a fo exon 7, wọn a so 6 mọ́ 8. Purotéènì tó bá ti inú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ jáde kì í pẹ́ bàjẹ́. Nínú ẹ̀dà mẹ́wàá tí SMN2 bá ṣe, nǹkan bí ọ̀kan ló máa ń pé, ọ̀kan yẹn ló sì ń gbé ẹ̀mí ọmọ ró títí di ibi tó bá lè gbé e dé.

Ohun tí Krainer wá dáwọ́ lé ni bí a ṣe lè mú kí wọ́n má fo exon 7 ti SMN2 mọ́, nítorí jíìnì náà wà níbẹ̀, gígé rẹ̀ ni kò gún. Láti 2004 ni òun àti ilé-iṣẹ́ Ionis, tí orúkọ rẹ̀ nígbà náà ń jẹ́ Isis, ti jọ ń ṣe é. Ní 2006, ẹgbẹ́ Ravindra Singh ní Massachusetts tẹ ìròyìn jáde nípa ibì kan nínú intron tó tẹ̀lé exon 7, tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìdènà tó ń mú kí wọ́n fo exon náà wà. Oògùn tí wọ́n ń pè ní nusinersen jẹ́ okùn kúkúrú onílẹ́tà 18 tó ń lọ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ gan-an. Bí àwọn adènà kò bá ríbi dúró sí mọ́, exon 7 á wọlé, SMN2 á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí SMN1 kò sí nílé láti ṣe.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2016 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Spinraza ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ ọwọ́, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, ìpín 51 nínú 100 àwọn tó gbà á ló tẹ̀ síwájú nínú nǹkan bíi gbígbé orí ró, yíyí ara padà tàbí jíjókòó. Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn tí kò gbà á. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún un sí. Dókítà á mú kí ọmọ náà ká ara kò ní ẹ̀gbẹ́, á ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ àárín egungun ẹ̀yìn nísàlẹ̀, á jẹ́ kí omi tó yí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ká kán jáde díẹ̀, lẹ́yìn náà á rọra fi mílílítà 5 oògùn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Láti 2020, òmíràn tún ti dé, risdiplam, tí ọmọ ń fẹnu mu, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lára SMN2. Ti Zolgensma, tó jáde ní 2019, yàtọ̀: ó ń gbé ẹ̀dà jíìnì SMN1 tuntun wọ inú ara.

A kò ní tàn yín lórí owó. Nígbà tí nusinersen jáde, ọdún àkọ́kọ́ nìkan ń jẹ 750,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ìdílé kan ní Òṣogbo, tàbí ní ọ̀pọ̀ ìlú ayé, tó lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé. Ojú tì wá láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa ju kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ. Síbẹ̀, ẹ má jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò ní kíá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè ní láti fi í ránṣẹ́ sí ibòmíràn, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó bá ti kú nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kì í jí mọ́, ọmọ tó bá tètè gba oògùn ló sì ń jèrè rẹ̀ jù. Bí èsì bá fi SMA hàn, ẹ ní kí dókítà béèrè bóyá ètò kan wà tí ilé-iṣẹ́ oògùn fi ń ran àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Nílé, ẹ máa gbé orí àti ọrùn rẹ̀ ró bí ẹ bá ń fún un lóúnjẹ, ẹ má rọ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, ẹ má sì fojú kéré ikọ́, nítorí èémí ni àìsàn yìí ń gbà ṣe ọmọ níbi. Kí bàbá àti ìyá náà ṣe àyẹ̀wò. Bí àwọn méjèèjì bá gbé e sára, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ inú oyún kọ̀ọ̀kan lè ní àìsàn náà.

Ní ti àbíkú, ìdá kan nínú mẹ́rin tó ń padà wá nínú oyún lẹ́yìn oyún, nínú ilé kan náà, tó láti mú kí àwọn bàbá ńlá wa gbà pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín ọmọ yẹn ní gbẹ́rẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Nígbà tí èmi náà wà nílé ìwé, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé jíìnì kan, purotéènì kan. Ọmọ kíláàsì mi kan ti kà á pé jíìnì tí ènìyàn fi ń ṣe purotéènì kò ju nǹkan bí 20,000 lọ, ó sì bi mí bí iye yẹn ṣe tó fún gbogbo ohun tó wà lára. Mo ní kó fún mi láyè. Ta ló kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ń gé RNA, kí sì ni kí n sọ fún ọmọ náà? — Olùkọ́, Ayétòrò, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá olùkọ́, ìdáhùn ọmọ náà wà nínú gígé yìí kan náà. Wọn kì í gé RNA bákan náà níbi gbogbo: exon tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ọpọlọ, wọ́n lè yọ ọ́ nínú ọkàn, nípa bẹ́ẹ̀ jíìnì kan a máa bí purotéènì púpọ̀. Nínú àwọn jíìnì wa tó ní exon ju ẹyọ kan lọ, ó ju ìpín 90 nínú 100 tí à ń gé ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnu ya kíláàsì, ẹ mú Dscam, jíìnì kan lára eṣinṣin kékeré tó máa ń bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù: ọ̀nà tí a lè gbà so àwọn exon rẹ̀ pọ̀ tó 38,016.

Ẹgbẹ́ méjì ló rí gígé RNA lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1977, ti Phillip Sharp ní MIT àti ti Richard Roberts ní Cold Spring Harbor. Adenovirus, ọ̀kan lára àwọn kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn, ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọ́n mú RNA rẹ̀ tó ti parí, wọ́n jẹ́ kó so mọ́ DNA tí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n sì fi maikirosíkópù alágbára wò ó. Àwọn apá kan lára DNA náà ta jáde ní roboto, nítorí wọn kò rí ìkejì wọn nínú RNA láti so mọ́. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti gé dànù. Sharp àti Roberts gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1993. Louise Chow, tó jókòó ti maikirosíkópù náà ní Cold Spring Harbor, kò sí lára àwọn tí wọ́n dárúkọ, èyí kò sì dùn mọ́ wa nínú títí di òní.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ àwọn tó ń gé e tún wù wá jù. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn lupus ń bá jà máa ń ní èròjà tó ń gbógun ti ara ẹni tó ni ín, tó sì ń lẹ̀ mọ́ àwọn ohun kéékèèké kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Joan Steitz àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Michael Lerner, ní Yale fi ẹ̀jẹ̀ yìí fa àwọn ohun náà jáde, wọ́n rí i pé RNA kúkúrú àti purotéènì tó so pọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì dábàá ní 1980 pé àwọn ló ń lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ gígé. Ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé òótọ́ ni.

Tí kíláàsì bá ṣì ní àsìkò, ẹ kọ jíìnì dystrophin sójú pátákó. Lẹ́tà rẹ̀ ju mílíọ̀nù 2 lọ, sẹ́ẹ̀lì a máa lo nǹkan bí wákàtí 16 láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán, nǹkan bí lẹ́tà 14,000 ló ń kù, tó pín sí exon mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Lára àwọn ọmọkùnrin tí jíìnì yìí bàjẹ́ ni àrùn iṣan Duchenne ti ń ṣọṣẹ́. Mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka lẹ́tà RNA; bí exon kan bá sọnù tí iye lẹ́tà rẹ̀ kò ṣeé pín sí mẹ́ta-mẹ́ta, gbogbo kíkà tó tẹ̀lé e á yẹ̀. Eteplirsen, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2016, ń mú kí wọ́n fo exon 51 pẹ̀lú, kí kíkà náà lè bọ́ sípò padà. Ìdàkejì nusinersen nìyẹn: ọ̀kan ń mú exon wọlé, èkejì ń yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyàn ṣì wà lórí bí àǹfààní eteplirsen ṣe pọ̀ tó.

ÌBÉÈRÈ: AS ni èmi àti àfẹ́sọ́nà mi. Ẹnìkan sọ fún wa pé fòníkú-fọ̀ladìde náà wà lára àìsàn gígé RNA, pé irú oògùn Krainer máa wò ó. Ṣé òótọ́ ni? — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ọláìyá, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́. Nínú fòníkú-fọ̀ladìde, kò sí àbùkù nínú gígé. Lẹ́tà A kan tó di T nínú jíìnì beta-globin ló yí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ padà, ẹ̀dà tí wọ́n gé dáadáa ló sì ń gbé àṣìṣe náà lọ. Inú jíìnì kan náà yìí ni a ti rí èyí tó jẹ́ ti gígé, oríṣi thalassaemia (àìsàn àìtó ẹ̀jẹ̀) kan tó wọ́pọ̀ ní etí òkun Mẹditaréníà, níbi tí lẹ́tà kan tó yí padà nínú intron àkọ́kọ́ ti ń ṣẹ̀dá ojú gígé èké, tí lẹ́tà 19 tó yẹ kí wọ́n dà nù fi ń wọ inú ẹ̀dà. Ní tiyín, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ inú oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ SS. Ẹ tún jẹ́nótáìpù yín yẹ̀ wò ní ibòmíràn tó ṣeé gbọ́kàn lé kí ẹ tó pinnu ohunkóhun.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn lọ sí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ń lò ó di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kí ni wọ́n ń fi ṣe? — Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Bàbá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe olè. Iṣẹ́ HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, fẹ́ mọ bí DNA àwọn ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra. Wọ́n bá àwọn ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀, àwọn tó gbà fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì fi orúkọ sí i. Nínú ìpele àkọ́kọ́, àádọ́rùn-ún èèyàn ni, ìyá, bàbá àti ọmọ, láti ilé ọgbọ̀n. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú dàgbà láti inú ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà láàyè nínú yàrá ìwádìí káàkiri ayé, YRI sì ni àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ó kan ọ̀rọ̀ tiwa níbí gan-an. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Chicago ka RNA inú sẹ́ẹ̀lì Yorùbá 69, wọ́n sì rí i pé àwọn lẹ́tà DNA kan ń mú kí gígé RNA yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Ní 2016, nínú ìwé ìròyìn Science, ìwádìí mìíràn tó tún lo sẹ́ẹ̀lì Yorùbá fi hàn pé gígé RNA jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ọ̀nà tí ìyàtọ̀ DNA ń gbà di àìsàn, kò sì kéré sí ti àwọn ìyàtọ̀ tó ń pinnu iye RNA tí jíìnì ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn ló la ojú ayé sí i. Èrò tiwa ni pé ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìmọ̀ yẹ kó wà lára àwọn tí oògùn tó ti inú ìmọ̀ náà jáde máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan tó tù wá nínú kò jìnnà sí yín: ní yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, ACEGID, ibùdó ìwádìí àrùn tó ń ràn tí Christian Happi dá sílẹ̀, ló ka gbogbo lẹ́tà RNA kòkòrò kòrónà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù Kẹta 2020. Ẹ̀rọ àti ọwọ́ tó lè ka RNA ti wà nílé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹlẹ́wé-ọmọ ni mí ní Ọjà Ọba. Ọmọ mi ka ìwé yín fún mi. Ṣé ewé kan kò lè tún gígé yẹn ṣe ni? — Ìyá Ẹlẹ́wé-ọmọ, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá, ìbéèrè yín kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ohun kékeré tí à ń fẹnu mu lè yí gígé RNA padà, risdiplam sì ni ẹ̀rí. Kódà ní 2004, àwọn onímọ̀ rí i pé kinetin, èròjà tí a mọ̀ mọ́ ìdàgbàsókè ewéko, ń tún gígé ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn tó ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní familial dysautonomia, níbi tí wọ́n ti máa ń fo exon 20 jíìnì kan. Ṣùgbọ́n inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti rí i, wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì mọ jíìnì tí wọ́n ń wò. Kò sí ewé tí ẹnikẹ́ni ti fi hàn pé ó ń wo SMA. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta àgbo fún ọmọ tí ara rẹ̀ rọ, tí kò lè gbé mì dáadáa. Ohun tí a bá rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí ewé kan bá wà tí ẹ gbàgbọ́ pé ó ń mú iṣan le, ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe ìwádìí lórí ewé àti egbò. Ẹ mú ewé náà lọ ní tútù pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ẹ ṣe ń sè é, iye omi tí ẹ ń fi sí i, àti àsìkò tí ẹ ń já a.